Ìrọ̀rí Ọ̀gá Pòṣé

Òótọ́ ni ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Mi ò ní búra, mi ò sì ní bẹ ẹnì kankan kó gbà mí gbọ́. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó dìde níbi tó jókòó sí, kó lọ wo ìrọ̀rí tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì tiẹ̀. Tó bá ti wò ó tán, kó padà wá bá mi jiyàn.

Onígbàjámọ̀ kan wà tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ọ̀gá Pòṣé. Mi ò mọ orúkọ tí bàbá ẹ̀ sọ ọ́, kò sì sẹ́ni tó bèèrè. Pòṣé ni, torí kò sí ohun tí ọkùnrin yìí kì í pòṣé sí. Ó ń pòṣé sí òjò, ó ń pòṣé sí oòrùn. Tẹ́ ẹ bá kí i pé ẹ káàárọ̀, á kọ́kọ́ wò yín láti òkè dé ilẹ̀, bíi pé ẹ fẹ́ ta àárọ̀ ọ̀hún fún un, kó tó dáhùn. Tó bá máa dáhùn nìyẹn.

Ọwọ́ ẹ̀ dáa o, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Kò sẹ́ni tó mọ irun gẹ̀ tó o ládùúgbò, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fara da ẹnu ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti jókòó sórí àga ẹ̀, á fi ọwọ́ méjèèjì di orí yín mú, á yí i sọ́tùn-ún, á yí i sósì, á wá yínmú.

“Orí wo rèé? Ta ló jókòó lé e?”

Ó máa ń sọ pé òun mọ orí àwọn èèyàn ju àwọn tó ni ín lọ. Ó ní kí wọ́n fi aṣọ di òun lójú, òun á fọwọ́ kan oníbàárà òun nípàkọ́, òun á sọ ẹni tó jẹ́. Èyí náà kì í ṣe irọ́. Orí tí kò mọ̀ ò ju tiẹ̀ lọ. Ó máa ń rìn lọ sọ́nà jíjìn kí onígbàjámọ̀ míì tó bá a gẹ̀ ẹ́, kí ẹnikẹ́ni má baà rí i pé òun náà ń tẹrí ba fún èèyàn.

Ìyàwó ẹ̀ ń fọ aṣọ, ó ń lọ aṣọ fún àwọn èèyàn nínú ilé. Àwọn ọmọ wọn ti dàgbà, wọ́n ti bá tiwọn lọ, ilé wá ku àwọn méjèèjì. Tó bá ti di ọ̀sán, tí ọkọ wà ní ṣọ́ọ̀bù, gbogbo ilé á pa lọ́lọ́. Ohun téèyàn máa gbọ́ ò ju áyọ́ọ̀nù tó ń ṣe ṣìì lórí aṣọ tútù lọ.

Ẹ wá gbọ́ ti ìrọ̀rí. Èyí tí Pòṣé fi ń sùn ti wà kó tó gbé ìyàwó. Ó ti tẹ́ pẹrẹsẹ. Òógùn ti sọ ọ́ di pupa rúsúrúsú, itọ́ ti kó àbàwọ́n sí i káàkiri. Ìyàwó á bọ́ aṣọ ara ìrọ̀rí náà, á fọ̀ ọ́, á lọ̀ ọ́, á tún wọ̀ ọ́ fún un, ilẹ̀ ò ní tíì ṣú tí òórùn òógùn á tún ti yọ. Láràárọ̀ ni Pòṣé ń sín. Láràárọ̀ lọrùn ẹ̀ ń le, débi pé gbogbo ara ló fi ń yí tó bá fẹ́ wo ẹ̀gbẹ́. Àwọn èèyàn ń rò pé ìgbéraga ni. Wọn ò ṣì í, ìgbéraga náà wà níbẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìyàwó ẹ̀ gbé ìrọ̀rí náà dání wá bá a níbi tó ti ń mu tíì.

“Bàbá wọn, nǹkan yìí ti tó ó pààrọ̀.”

“Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?”

“Ẹ wò ó.” Ó ká a sí méjì, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. “Èyí tó bá ṣì dáa, téèyàn bá ṣe é báyìí tó bá fi í sílẹ̀, á fò padà. Èyí tó bá ti kú ò ní lè padà.”

Ó gbọ́wọ́ kúrò. Ìrọ̀rí náà ò mira. Bó ṣe ká a ló wà.

“Ṣẹ́ ẹ rí i? Ó ti kú.”

“Ṣìọ̀! Ìrọ̀rí ń kú? Ṣé ó ń mí tẹ́lẹ̀ ni?”

“Ẹ jẹ́ kí n ra òmíì fún yín. Èmi ni mò ń gbóòórùn ẹ̀. Ògiri ni mò ń kọjú sí sùn láti ọjọ́ yìí.”

“Máa kọjú sógiri lọ. Ògiri ò ní bá ẹ jiyàn.”

Obìnrin náà gbé ìrọ̀rí náà kalẹ̀ síwájú ẹ̀. Lẹ́yìn náà ló sọ ọ́, kò pariwo.

“Tẹ́ ò bá pààrọ̀ ẹ̀, èmi á kó kúrò nínú yàrá yẹn. Mo ti sọ tèmi.”

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Pòṣé lára. Kò jẹ́ kó hàn, ó tún ń fẹ́ atẹ́gùn sí tíì ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n là á fún yín: ohun kan ṣoṣo tí ọkùnrin yẹn ní láyé tí kò pòṣé sí rí ni pé tílẹ̀ bá ṣú, obìnrin yẹn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun. Kò sọ ọ́ fún un rí. Irú wọn kì í sọ ọ́. Wọ́n á máa fi ẹnu gún èèyàn lójoojúmọ́, wọ́n á wá retí pé kó mọ̀ pé àwọn fẹ́ràn òun.

Kó wá gbà kí wọ́n ra tuntun ńkọ́? Láéláé. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó. Tó bá jẹ́ pé òun fúnra ẹ̀ ló rí i pé ìrọ̀rí ti bàjẹ́, ì bá ti sọ ọ́ sórí ààtàn láti ọjọ́ yìí. Àmọ́ ìyàwó ló kọ́kọ́ sọ ọ́. Ó di èèwọ̀ nìyẹn.

“Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́,” ló ń wí bó ṣe ń ki ìrọ̀rí bọ àpò. “Nǹkan tó bá tẹ́, ṣe là ń tún un kì.”

Ó gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ó fi abẹ la ojú rírán ẹ̀. Òwú tó wà nínú ẹ̀ ti di kókó, ìyókù ti di eruku. Ó dà á nù, ó sín, ó pòṣé. Ó wá ń wo yíká pé kí lòun máa rí kì í.

Àpò irun wà ní kọ̀rọ̀. Irun tó ń gbá nílẹ̀ ni, tó yẹ kó lọ bò mọ́lẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ bí a ṣe máa ń ṣe. Kò sí oníbàárà tó máa dìde lórí àga tí kò ní sọ pé, “Ọ̀gá, ẹ bá mi gbá irun mi dáadáa o.” Ọ̀pọ̀ wọn ò lè sọ ìdí tí wọ́n fi ń sọ ọ́, wọ́n kàn ń sọ ọ́ ni. Pòṣé á ní òun ti gbọ́.

Ó ki ọwọ́ bọ àpò. Ó rọ̀, ó fúyẹ́, ó ń ta padà. Ó rẹ́rìn-ín fún dígí. Irun tíṣà wà níbẹ̀, irun awakọ̀, irun àwọn ọmọ ilé ìwé, irun arúgbó, irun ẹni tó kàn ń kọjá lọ tí kò tún padà wá mọ́. Ó kì í, ó kì í, títí ìrọ̀rí fi yọ ikùn. Ó rán an pa.

Nígbà tó délé, ó jù ú sórí tábìlì tí ìyàwó ẹ̀ fi ń lọ aṣọ.

“Ká a.”

Obìnrin náà ká a. Kó tó gbọ́wọ́ kúrò, ó ti fò padà, ó gbá a lọ́wọ́.

“Yéè! Kí lẹ kì síbẹ̀?”

“Òwú.”

Ó gbé e sún mọ́ imú. Kò rùn. Òórùn èèyàn ni, bíi ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ tán. Ó gbé e lé bẹ́ẹ̀dì, kò sì kó kúrò nínú yàrá. Pòṣé ti borí nìyẹn.

Oorun ọjọ́ yẹn dùn. Ọ̀gá jí láìsín. Ọrùn ẹ̀ yí sọ́tùn-ún, ó yí sósì. Gbogbo oníbàárà tó jókòó lọ́jọ́ náà ló gbọ́ bí obìnrin ṣe ń fi owó ṣòfò, àti bí ọkùnrin tó lórí pípé ṣe ń tún nǹkan ṣe.

Ẹ gbà á láyè kó yan díẹ̀. Kò pẹ́ sígbà yẹn.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó wọ yàrá láti bọ́ ẹ̀wù. Ó rí i pé ìrọ̀rí òun jin láàárín. Kòtò kékeré, bí ibi tí orí ti ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde. Ó fọwọ́ kàn án. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́.

“Ìyá wọn! Kí lò ń wá lórí ìrọ̀rí mi?”

“Èmi? Ẹ̀yin lẹ sùn síbẹ̀.”

“Nígbà wo?”

“Lọ́sàn-án yìí náà. Ẹ wọlé, ẹ kí mi, ẹ bá mi ká aṣọ, ẹ wá lọ sùn.”

Pòṣé wò ó.

“Èmi kí ẹ?”

“Ẹ kí mi.”

“Èmi ká aṣọ? Ṣé o rí ojú mi ni?”

“Aṣọ ni mò ń lọ̀, kí ni mo fẹ́ máa wo ojú yín fún? Ṣé mi ò mọ ohùn yín ni?” Ó rẹ orí sílẹ̀. “Ẹ ṣé o. Ó ti pẹ́ tẹ́ ẹ ti bá mi sọ̀rọ̀ báyẹn.”

Pòṣé ní oòrùn ti pa obìnrin náà lórí. Ó pòṣé, ó jẹun, ó lọ dùbúlẹ̀. Orí ẹ̀ ò wọ inú kòtò yẹn. Ó yí i, ó gbá a, ó fi ìgbọ̀nwọ́ gún un. Kò gbà á. Ó wá gbé ọwọ́ lé e, ọwọ́ tó mọ orí, ó sì tọ ojú kòtò náà yíká.

Orí ẹ̀ wú.

Ìpàkọ́ awakọ̀ ni. Ó mọ̀ ọ́n, ó fẹ̀ bí àpótí. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn etí, ti tíṣà ni, ibẹ̀ ló ti ní egungun tó yọ. Òkè orí ṣe ṣónṣó bíi ti ọmọdé. Gbogbo wọn jẹ́ orí ẹnì kan. Kò sì sí ẹni tó ní irú orí yẹn.

Ó yọwọ́. Kò sọ fún ìyàwó ẹ̀. Kí ló fẹ́ sọ? Ṣé kó sọ pé irun tóun gbá nílẹ̀ lòun ń jẹ́ kó máa sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀? Ṣé kó sọ pé obìnrin náà ló tọ̀nà láti ìbẹ̀rẹ̀? Ó kúkú yàn kí ẹ̀rù máa ba òun.

Láti ìgbà yẹn, oorun kọ̀ ọ́. Tó bá dùbúlẹ̀ lórí ìrọ̀rí, á jí bá orí ẹ̀ lórí fóòmù lásán, bí ẹni tí wọ́n tì sọ̀ kalẹ̀. Tó bá lọ sùn sórí àga, ojú ẹ̀ á là sílẹ̀ mọ́jú. Ohun tó wá burú jù ni ti ìyàwó ẹ̀. Kò kọjú sógiri mọ́. Àárín bẹ́ẹ̀dì ló ń kọjú sí báyìí, àmọ́ kì í ṣe ọ̀dọ̀ Pòṣé. Ìrọ̀rí ló kọjú sí. Ó ń rẹ́rìn-ín lójú oorun. Ọkọ jókòó létí bẹ́ẹ̀dì, ó ń wò ó, ó ń jowú ìrọ̀rí. Ẹ ò rí ayé?

Lójoojúmọ́ ni obìnrin náà ń dúpẹ́ ohun tí Pòṣé ò ṣe. Ẹ ṣé tẹ́ ẹ bá mi pọn omi. Ẹ ṣé tẹ́ ẹ bi mí léèrè ẹ̀yìn tó ń dùn mí. Pòṣé á ní, “Hẹn.” Bó ṣe ń jẹ́ hẹn yẹn ló ń ta ilé ẹ̀ fún ẹlòmíì, òmùgọ̀ ọkùnrin. Ó ń gba ọpẹ́ tí kì í ṣe tiẹ̀.

Àìsùn náà wá dé ẹnu iṣẹ́ ẹ̀. Ó fi abẹ ya tíṣà létí. Tíṣà dìde pẹ̀lú irun ààbọ̀ lórí, ó di etí mú.

“Ọ̀gá, ẹ lọ sùn.”

Tíṣà lọ. Kò tún wá mọ́. Àwọn tó jókòó ń retí náà dìde tẹ̀ lé e. Pòṣé ti ṣọ́ọ̀bù, ó fi abẹ sápò. Ó ní lónìí yìí, òun á rí ojú ẹni tó ń wá sùn nílé òun.

Ó gba ẹ̀yìnkùlé wọlé nígbà tí ìyàwó ẹ̀ ń sá aṣọ. Ó jókòó sórí àpótí lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá. Ọ̀sán gangan ni. Oòrùn gba ojú fèrèsé wọlé, ó nà sórí bẹ́ẹ̀dì. Ìrọ̀rí wà níbẹ̀, ó wú, ó mọ́, kò sí kòtò kankan lórí ẹ̀.

Ó gbọ́ tí ìyàwó ẹ̀ wọlé. Ó gbọ́ áyọ́ọ̀nù. Ṣìì. Ṣìì.

Áyọ́ọ̀nù dákẹ́.

“Ẹ káàbọ̀,” ni ìyàwó ẹ̀ wí.

Ẹnìkan dá a lóhùn. Ohùn náà lọ sílẹ̀, Pòṣé ò gbọ́ ohun tó sọ. Ìyàwó ẹ̀ rẹ́rìn-ín. Pòṣé ti gbàgbé bí ẹ̀rín obìnrin yẹn ṣe ń dún.

Ẹsẹ̀ ń bọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó rọra ń bọ̀. Ó dé ẹnu ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn ò ṣí. Afẹ́fẹ́ ò fẹ́. Gbogbo ilé dákẹ́ rọ́rọ́.

Bẹ́ẹ̀dì dún.

Ìrọ̀rí bẹ̀rẹ̀ sí í jin. Díẹ̀díẹ̀. Láàárín ni ó ti bẹ̀rẹ̀, ó ń fẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, títí kòtò fi pé. Kò sẹ́nì kankan lórí ẹ̀. Pòṣé gbọ́ èémí. Ó ń lọ, ó ń bọ̀, jẹ́jẹ́, èémí ẹni tí ọkàn ẹ̀ balẹ̀.

Ó dìde. Mi ò ní sọ pé ó láyà. Ìbínú ni. Ó fa abẹ yọ, ó la ojú ibi tó rán, ó ki ọwọ́ bọ inú ìrọ̀rí kó fa irun náà jáde, kó lọ sun ún.

Ọwọ́ ẹ̀ kan irun. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ó fà á.

Kò yọ.

Ó tún fà á. Irun náà le ní ìdí. Ó fi ìka wá ìdí ẹ̀, ìka ẹ̀ sì kan awọ. Irun yẹn kì í ṣe irun gígẹ̀ mọ́. Ó hù síbẹ̀.

“Ọ̀gá,” ni ohùn kan wí lábẹ́ ọwọ́ ẹ̀, pẹ̀lú sùúrù, bí gbogbo oníbàárà ṣe ń wí tí ìyàrí bá fà wọ́n lórí, “ẹ rọra.”

Abẹ bọ́. Mi ò mọ bó ṣe dé òde. Àwọn tó rí i lójú ọ̀nà ní ó ń sáré láìwọ bàtà, ẹnu ẹ̀ ń mì, kò pòṣé sí ẹnikẹ́ni. Ó ṣí ṣọ́ọ̀bù, ó ti ara ẹ̀ mọ́ inú ẹ̀, ó ṣubú lé àga tí àwọn oníbàárà ń jókòó sí. Gbogbo oorun tó ti kọ̀ ọ́ láti ìgbà yìí wá dé lẹ́ẹ̀kan náà. Ó sùn bí igi.

Ìrọ̀lẹ́ ló jí. Ara ẹ̀ fúyẹ́. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé ẹ̀, ó mọ ohun tó yẹ kóun ṣe. Òun á lọ bá obìnrin yẹn. Òun á sọ ti irun fún un, òun á sọ gbogbo ẹ̀. Òun á ní kó ra ìrọ̀rí èyí tó bá wù ú. Òun á bẹ̀ ẹ́. Ó ń dá ọ̀rọ̀ náà sọ lójú ọ̀nà bí ọmọ tó ń kọ́ àkọ́sórí, ẹnu ẹ̀ ò mọ̀ ọ́n sọ.

Wọ́n ti ti ilẹ̀kùn. Ó kàn án. Ìyàwó ẹ̀ ṣí i díẹ̀, ó dúró sí àárín ẹ̀.

“Ẹ kúùrọ̀lẹ́, sà.”

“Ṣílẹ̀kùn jàre.”

“Ta lẹ̀ ń bèèrè?”

“Ta ni mò ń bèèrè bíi ti báwo? Èmi ni! Bàbá wọn!”

Obìnrin náà wò ó. Iná ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàn sí Pòṣé lójú kedere, obìnrin náà ò sì fọ́jú. Ó wò ó dáadáa, bó ṣe máa ń wo aṣọ tí àbàwọ́n wà lára ẹ̀, bóyá á ṣeé fọ̀ àbí kò ní ṣeé fọ̀. Ó pẹ́ tó fi wò ó.

“Ẹ má bínú,” ló wí. “Ọkọ mi ń sùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pariwo.”

Pòṣé sún mọ́ ẹnu ọ̀nà. Ó di férémù ilẹ̀kùn mú.

“Mo bẹ̀ ọ́,” ló wí. Ó tún un sọ. “Mo bẹ̀ yín. Ẹ̀yin lẹ tọ̀nà. Ó ti kú lóòótọ́, ó ti pẹ́ tó ti kú. Ẹ jẹ́ ká pààrọ̀ ẹ̀.”

Ojú obìnrin náà ò yí padà. Ó ti ń fa ilẹ̀kùn bọ̀ nígbà tí ẹnìkan yíra lórí bẹ́ẹ̀dì nínú yàrá.

“Ta nìyẹn?” ni ẹni náà bèèrè. Ohùn Pòṣé ni, kò sí nǹkan tó fi yàtọ̀, àfi pé kò sí ìbínú nínú ẹ̀.

“Kì í ṣe ẹnì kankan,” ni ìyàwó dá a lóhùn. “Ẹ máa sùn.”

Ó rọra ti ilẹ̀kùn, kó má baà dún.